Ìwé Inú Páálí

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo àwa tí a ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé ti gbọ́ rí. Ẹnìkan yóò dìde nínú kíláàsì, yóò ní: "Olùkọ́, mo mọ oko í ro, mo mọ ọjà í tà. Kí ni ìwé fẹ́ fi kún un fún mi?" Ìbéèrè gidi ni. Olùkọ́ tí ó bá fi ìbínú dáhùn rẹ̀, kò ní pẹ́ tí kíláàsì rẹ̀ yóò fi ṣófo. Èmi fẹ́ fi ohun ìṣeré kan dáhùn rẹ̀ fún yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun ìṣeré yìí ìbá ti gba ọwọ́ lára ènìyàn ní àdúgbò wa, bí kì í bá ṣe ìlà díẹ̀ tí a kà nínú ìwé rẹ̀.

Kétu ni mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan ń bọ̀ wálé, ó fi páálí kékeré kan rán an sí mi. Mo ṣí i, mo rí igi pẹlẹbẹ mélòó kan tí ó fẹ́lẹ́. Mo rí ọ̀pá oníhò kan tí a fi páálí ká, igi kékeré kan tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òwú díẹ̀, àti ìwé ńlá kan tí a ká ní ìká mẹ́rin. Kò sí ohun tí a ti kàn pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ni ín ni yóò gé e, tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tí yóò sì mú un fò.

Ohun tí a ń fi wọn ṣe ni rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ń di ẹyẹ lókè. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. A máa ń ki ẹ̀rọ oníná kékeré kan bọ ìdí rẹ̀, iná yóò sì tì í lọ sókè tààrà bí ọfà. Nígbà tí iná bá tán, kò ní já lulẹ̀ bí òkúta. Apá rẹ̀ méjèèjì yóò gbé e lé orí afẹ́fẹ́, yóò máa yí lọ yí bọ̀ bí àwòdì tí ń wá òròmọdìyẹ, títí yóò fi bà sórí koríko.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Ìrù tí ó dára fún gígòkè kò dára fún bíbọ̀ nílẹ̀. Bí etí ìrù bá ká sókè nígbà tí iná ń tì í, yóò ta kìtì sẹ́yìn. Bí etí ìrù bá sì tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ó ń bọ̀, yóò forí sọlẹ̀. Nítorí náà, òwú ni a fi so etí ìrù náà mọ́lẹ̀, rọ́bà sì wà níbẹ̀ tí ó ń fà á sókè. Nígbà tí iná tí ń tì í bá tán, ẹ̀rọ náà yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, yóò wá bú iná kékeré kan jáde síwájú. Iná yẹn ni yóò jó òwú náà já. Rọ́bà yóò fa etí ìrù sókè, ọfà yóò sì di ẹyẹ.

Mo pe ọmọ náà lórí fóònù, mo bi í léèrè bí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó sọ fún mi ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1954, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Orville Carlisle, tí ń ta bàtà ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan pẹ̀lú Robert arákùnrin rẹ̀. Wọn kò fi irin ṣe é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, àwọn ará Rọ́ṣíà gbé Sputnik lọ sí òfurufú, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ènìyàn ṣe tí ó yí ayé ká lókè lọ́hùn-ún. Gbogbo ọmọkùnrin Amẹ́ríkà ló fẹ́ ṣe tiwọn. Wọ́n ń po ẹ̀tù fúnra wọn nílé, wọ́n ń kì í sínú ọ̀pá irin. Àwọn kan pàdánù ìka, àwọn kan pàdánù ojú, àwọn mìíràn kú. Ní ọdún 1957 yẹn kan náà ni Carlisle fi iṣẹ́ tirẹ̀ han G. Harry Stine, tí ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìjọba ti ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì ńláńlá wò ní White Sands. Stine rí i pé ọ̀nà àbáyọ nìyí: kí ilé-iṣẹ́ máa ṣe ẹ̀rọ oníná náà, kí ọmọdé má fọwọ́ kan ẹ̀tù rárá. Ní ọdún 1958 Vern Estes dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Colorado, ó sì kan ẹ̀rọ tí ń ṣe wọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Nígbà tí mo fi fóònù sílẹ̀, mo ṣí ìwé inú páálí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi, sẹ̀tífíkà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ní, èdè Faransé ni mo sì fi gbà á. Mo tẹ́ ìwé náà sórí itan. Mo dá A mọ̀, mo dá B mọ̀, mo lè pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò sọ ohunkóhun fún mi. Mo bá ń wo àwòrán, mo ń wo nọ́ńbà. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ ọ́n lára bí ó ti ń rí fún ẹni tí ó jókòó níwájú mi ní kíláàsì, tí ó di ìwé mú, tí ìwé kò sì dá a lóhùn. Ìtìjú máa ń mú ènìyàn. Ènìyàn á máa tan ara rẹ̀ pé àwòrán nìkan tó.

Mo lè ní kí ọmọ náà túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn tí mo ń kọ́ fi ojú ara wọn rí bí a ti ń mú ọ̀rọ̀ kúrò nínú èdè kan bọ́ sínú òmíràn. Ìyá aláṣọ kan wà tí ó máa ń ti Ìmẹ̀kọ wá ná ọjà Kétu. Òun lọ ilé-ìwé ní ìhà Nàìjíríà, ó sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ ìyá ni Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Àwọn òyìnbó fa ààlà sí àárín wa, a fi èdè Faransé kọ́ àwa, a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn, ṣùgbọ́n èdè ilé wa kò pín sí méjì. Ọjọ́ ọjà mẹ́ta ni ìyá náà fi jókòó pẹ̀lú wa lẹ́yìn tí ó bá palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ń kà á, ó ń sọ ọ́ ní èdè wa, èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan rọrùn. Imú, apá, ìrù, ara: ẹyẹ ti fún wa ní ìwọ̀nyí láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn mìíràn mú wa jiyàn. Àwọn ìlà tín-ín-rín tí ń bẹ lára igi, kí ni ká pè é? Ìyá aláṣọ ní kí a pè é ní ìlà igi. Káfíńtà tí ó wà láàárín wa ní rárá, iṣan igi ni, nítorí pé agbára igi ń bẹ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bẹ nínú iṣan ènìyàn. Iṣan igi ni a kọ.

Igi náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́ bálísà. Kò sí i nínú igbó wa. Àárín gbùngbùn àti gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ń hù, orílẹ̀-èdè Ecuador ni ó sì ń tà á fún ayé jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí ó mọ̀ nípa igi sọ pé ìdílé kan náà ni òun, igi àràbà àti igi oṣè. Bí a bá gé bálísà kí ó gùn ní mítà 1, kí ó fẹ̀ ní mítà 1, kí ó sì ga ní mítà 1, yóò sábà wúwo tó nǹkan bíi kílò 160. Ìrókò tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yóò lé ní kílò 600. Ní ọdún 1947, Thor Heyerdahl ará Nọ́wè àti àwọn márùn-ún mìíràn so ìtì bálísà pọ̀, wọ́n jókòó lé e, ó sì gbé wọn lórí òkun láti Peru fún ọjọ́ 101 kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Igi tí ó fúyẹ́ kì í ṣe igi tí kò wúlò.

Káfíńtà wa yìí ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Òun gan-an wà lára àwọn tí ń bi mí ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó gbé igi náà dání, ó ní: "Olùkọ́, èyí kì í ṣe igi, òwú ni." Ó nawọ́ mú ayùn. Mo ní kí ó dúró, kí a kà á ná. Òfin tí a fi lélẹ̀ ni pé ìlà kan, iṣẹ́ kan. Ẹnìkan yóò ka ìlà kan sókè, káfíńtà yóò ṣe ohun tí ìlà náà wí, ẹlòmíràn yóò sì ka ìlà tí ó tẹ̀ lé e.

Ìlà àkọ́kọ́ ní kí a má fi ayùn gé e. Abẹ mímú ni kí a fi fà á lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi já. Ìlà kejì ní kí iṣan igi lọ láti ìdí apá dé ṣóńṣó rẹ̀, kí ó má dábùú. Ìyàwó ilé kan béèrè ìdí rẹ̀, káfíńtà sì dáhùn kí n tó la ẹnu. Ó mú ègé tí ó ṣẹ́kù, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó ṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò ṣẹ́. Ìlà kẹta ní kí a fi bébà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà fi ń dán igi fá etí iwájú apá kí ó rí roboto, kí a sì fá etí ẹ̀yìn kí ó fẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ìlà kẹrin ní kí a fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ kun ojú méjèèjì tí yóò pàdé, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tún kun ún fẹ́ẹ́rẹ́, nígbà náà ni kí a tó lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Gọ́ọ̀mù tí ó pọ̀ jù kò mú igi le sí i, ìwúwo ni ó ń fi kún un. Ìlà karùn-ún ní kí ṣóńṣó apá méjèèjì ga díẹ̀ ju ìdí wọn lọ, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá tì í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tí ó ga bẹ́ẹ̀ ni yóò dá a padà. A fi páálí ìṣáná ti ṣóńṣó apá kọ̀ọ̀kan, a tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má baà lẹ̀ mọ́ tábìlì, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ó parí, kò wúwo tó ẹyin adìyẹ kan. Káfíńtà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní: "Ẹni tí ó kọ ìwé yìí ti fọwọ́ kan igi rí." Láti ẹnu ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́, ìyìn ńlá nìyẹn.

A gbé e lọ sí pápá tí koríko rẹ̀ ga, nítorí ìwé sọ pé koríko gíga ni kí a ti kọ́kọ́ jù ú, kí ó má baà fọ́. Ọwọ́ lásán ni a fi jù ú. A kò tíì so òwú mọ́ etí ìrù rẹ̀, kí ó lè wà ní ipò bíbọ̀. Ó gbé imú sókè, ó dúró bí ẹni tí ó gbàgbé ohun tí ó fẹ́ sọ, ó sì wó sílẹ̀. A ka ìwé àkọsílẹ̀. Ó ní bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ wúwo jù, kí a lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ imú. A lẹ amọ̀ tí ó tó ẹ̀wà kan. Ó forí sọlẹ̀. A yọ ìdajì amọ̀ náà kúrò. Nígbà kẹta, ó jáde lọ́wọ́ káfíńtà, ó tẹ́ apá, ó lọ pẹrẹsẹ lórí koríko láìyẹsẹ̀. Àwọn obìnrin ń ka ìṣẹ́jú-àáyá sókè: a ka 7 kí ó tó bà. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 7 sínú ìwé àkọsílẹ̀, ó sì kọ déètì sí i.

Ibẹ̀ ni ewu ti yọjú. Kò sí ẹ̀rọ oníná nínú páálí wa. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á, wọn kò sì gbà kí èrò gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé ẹ̀tù ni ó wà nínú rẹ̀. Bí mo ti sọ èyí ní kíláàsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní: "Ẹ̀tù kẹ̀? Ṣé Bàbá Ọdẹ kò ní ẹ̀tù nílé ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gé ọ̀pá pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì ti fi òkúta lu ìdí rẹ̀ pa. Wọ́n ní ọjọ́ kejì ni àwọn yóò ki ẹ̀tù sí i.

Ọdẹ tí wọ́n ń sọ yìí ni àgbà kíláàsì wa. Ìka méjì kò sí ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ìbọn rẹ̀ ni ó bú lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni kì í sì í mẹ́nu kàn án. Nínú gbogbo àwọn tí mo ń kọ́, òun ni kíkà rẹ̀ falẹ̀ jù. Ó ní: "Ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ náà wá." Ó ṣí i, ó ń wá ojú ewé, kò jẹ́ kí n bá òun wá a. Nígbà tí ó rí i, ó fi ìka tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tọ ìlà náà, ó ń kà á ní sílébù kọ̀ọ̀kan:

"Má ṣe po ẹ̀tù fúnra rẹ. Má ṣe fi irin ṣe ara rọ́kẹ́ẹ̀tì. Má ṣe lo ohunkóhun bí kò ṣe ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ṣe."

Ó pẹ́ kí ó tó kà á tán. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó ní: "Ọmọ mi, nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀, ojú ni mo fi wọn ẹ̀tù. Kò sí ẹni tí ó ka irú èyí sí mi létí." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó jáde. Nígbà tí ó padà wọlé, ó gbé ọ̀pá pọ́ǹpù náà lé orí tábìlì mi.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì. Páálí líle ni ara ẹ̀rọ ti ilé-iṣẹ́, amọ̀ ni a fi ṣe ihò tí iná ń gbà jáde. Bí ó bá tilẹ̀ bú, páálí ni yóò ya. Irin tí ó bú a máa fọ́nká bí ọta ìbọn. Ìwọ̀n ẹ̀tù inú ti ilé-iṣẹ́ kò yí padà láti ọ̀kan dé èkejì, a sì kọ agbára rẹ̀ sí i lára. Bí a bá kọ A8-3, lẹ́tà A ń sọ bí gbogbo agbára rẹ̀ ti pọ̀ tó, B lè ní ìlọ́po méjì A, C lè ní ìlọ́po méjì B. Nọ́ńbà 8 ń sọ bí ó ti ń tì í le tó. Nọ́ńbà 3 ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi dúró kí iná tí ń jó òwú já tó bú. Wọn kì í sì í ṣá ìṣáná sí i. Wáyà àti bátìrì ni wọ́n fi ń tàn án, ẹni tí ń tàn án yóò sì dúró jìnnà tó nǹkan bíi mítà 5. Ẹ wo bí lẹ́tà kan àti nọ́ńbà méjì ti gbé ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó.

Ọkọ̀ kékeré náà ṣì wà ní kíláàsì wa, a fi òwú so ó kọ́ àjà. Iná kò tíì gbé e gòkè. Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn ọmọdé máa ń gbé e lọ sí pápá pẹ̀lú káfíńtà, wọ́n ń fi ọwọ́ jù ú, wọ́n sì ń kọ iye tí wọ́n kà sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀tù yẹn, obìnrin kan tí ń gbin òwú gbé ìgò oògùn kòkòrò wá sí kíláàsì. Èdè Faransé ni a kọ sára rẹ̀. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá 'Má ṣe' wà nínú tiwa náà." Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Má ṣe jẹun nígbà tí o bá ń fọ́n ọn. Má ṣe fi ìgò rẹ̀ bu omi mímu. Má ṣe fọ́n ọn kọjú sí afẹ́fẹ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti pa ènìyàn rí ní orílẹ̀-èdè wa, nínú ilé àwọn tí wọn kò lè ka ohun tí ó wà lára ìgò. Èmi ń kà, wọ́n ń sọ ọ́ ní èdè wa, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo inú ilé yín lónìí. Ẹ wo ìgò oògùn, ẹ wo páálí, ẹ wo àpò ajílẹ̀. Ìwé wà lára wọn. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè tí a fi kọ ọ́, ẹ wá ẹni tí ó gbọ́ ọ, ẹ ní kí ó sọ ọ́, kí ẹ̀yin fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa. Bí àyè kò bá sì tó láti kọ gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí a ti sọ pé "Má ṣe".